KÍ LÓ WÀ NÍNÚ KẸ́Ẹ̀GÌ YẸN TẸ́LẸ̀? Bí a ṣe lè fi kẹ́ẹ̀gì, ìgò àti agolo òfìfo tún ilé àgbẹ̀ ṣe láìnáwó púpọ̀

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá fún yín lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti ajílẹ̀, kì í sì í ṣe ti irúgbìn tuntun. Ọ̀rọ̀ inú ilé ni. Ìdí rẹ̀ ni pé ohun tí a fi oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣe lóko, ilé ni a ó kó o bọ̀ sí. Bí ilé kò bá ní ètò, èkúté yóò jẹ nínú rẹ̀, kòkòrò yóò jẹ nínú rẹ̀, òjò yóò sì ba èyí tó kù jẹ́.

Gbogbo wa la mọ bí owó ọjà ṣe rí láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lóṣù karùn-ún ọdún 2023. Ike onídèérí tuntun gbówó lórí. Kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná, ẹ má wulẹ̀ béèrè. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀yìnkùlé yín. Ìwọ̀nba ni ilé àgbẹ̀, láti Ọdẹ́dá dé Òwodé, láti Òṣíẹ̀lẹ̀ dé Ìtòrí, tí a kò ní rí kẹ́ẹ̀gì òróró tó ti tán, agolo mílíìkì, ìgò omi oníke, ike ọ̀dà àti àpò ìrẹsì tí wọ́n kó jọ sí ẹ̀bá ògiri. Àwọn àgbà ní ohun tí a ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Àwọn nǹkan wọ̀nyí lè tún ilé wa ṣe láìjẹ́ pé a ná ju owó ọṣẹ lọ.

Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Òun gan-an ló mú wa kọ ìwé yìí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé mi

Èmi tí mo ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí ti jẹ̀bi rí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ra kẹrosíìnì, n kò sì rí ohun tí mo lè bù ú sí. Mo bu ìyókù rẹ̀ sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan, mo gbé e sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ọmọ mi tó kéré jù, tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin nígbà náà, ti ibi eré dé, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ó rí ìgò tí ó mọ̀. Ohun tó dùn ni wọ́n máa ń fún un mu nínú irú ìgò bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ìyá rẹ̀ fi máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti gbé ìgò dé ẹnu. Ọlọ́run ló yọ wá, kò mu ju ìtọ́wò lọ.

Lọ́jọ́ náà gan-an, abúlé kan ni mo ti ń bọ̀, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí a ṣe ń tọ́jú oògùn oko. Mo jókòó, n kò lè sọ̀rọ̀. Ọmọdé kò mọ ìwé kà. Ìrísí ìgò ni ìwé tirẹ̀. Bí a bá fi ìgò ohun mímu gbé májèlé, àwa la pa irọ́ fún ọmọ náà.

Ìbéèrè kan tó gbọ́dọ̀ ṣáájú

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó yẹ kí á wo ilé tí kẹ́ẹ̀gì ti wá kí á tó fún un níṣẹ́. Kí ló wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀? Ìdáhùn ìbéèrè yìí ló ń pín gbogbo ohun òfìfo inú ilé wa sí ọ̀nà mẹ́rin:

1. Èyí tó ti gbé oúnjẹ tàbí ohun mímu: kẹ́ẹ̀gì òróró, kẹ́ẹ̀gì epo pupa, ìgò omi, ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, agolo mílíìkì àti ti tíì, ìgò ìpara búrẹ́dì. Ìwọ̀nyí lè tún gbé oúnjẹ.

2. Èyí tó ti gbé ọṣẹ tàbí omi tí a fi ń fọ aṣọ funfun: kí ó máa gbé ọṣẹ lọ, tàbí kí ó gbé irinṣẹ́. Kò gbọ́dọ̀ gbé oúnjẹ.

3. Èyí tó ti gbé ọ̀dà, epo ọkọ̀, epo ẹ̀rọ tàbí kẹrosíìnì: ìṣó, okùn, àdá, ọ̀bẹ ìdáko àti àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tirẹ̀. Kì í ṣe oúnjẹ ènìyàn, kì í sì í ṣe omi adìyẹ tàbí ti ewúrẹ́.

4. Èyí tó ti gbé oògùn oko, oògùn èkúté, omi bátìrì tàbí kọ́sítíìkì sódà: kò ní iṣẹ́ kejì láyé. Iṣẹ́ rẹ̀ ti parí.

Àwọn kan yóò sọ pé, "A ó fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́ dáadáa." Ike kì í ṣe òkúta. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń fa ohun tí a bá rọ sínú rẹ̀ mọ́ra, tí ó sì ń tú u sílẹ̀ padà fún ohun tí a bá tún rọ sínú rẹ̀ lẹ́yìn náà. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì kan, kí ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ sá a sóòrùn, kí ẹ wá gbóòórùn rẹ̀. Òórùn náà á ṣì wà níbẹ̀. Ti kẹrosíìnì sàn, nítorí imú wa lè gbọ́ ọ. Oògùn oko mìíràn kò ní òórùn tí imú lè dá mọ̀.

Ọ̀pọ̀ wa ló ń ra kẹ́ẹ̀gì àlòkù lọ́jà, yálà ní Láfẹ́nwá, ní Kútọ̀ tàbí ní ọjà oko. Ẹ má ṣe tijú láti bi ẹni tó ń tà á léèrè. Ẹ ṣí ìdérí, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ẹ wo ara rẹ̀ bóyá ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ṣì kù díẹ̀. Bí òórùn àjèjì bá wà, tàbí tí ẹni tó ń tà á kò lè sọ ibi tí ó ti wá, ẹ kà á sí kẹ́ẹ̀gì májèlé. Owó tí ẹ fẹ́ jẹ lérè níbẹ̀ kò tó owó ilé ìwòsàn.

Ìgò oògùn oko

Bí oògùn inú ìgò bá tán lóko, ẹ má ṣe jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè, ẹ má ṣe gbé e wálé. Ohun tí a ń ṣe rèé. Ẹ bu omi sínú rẹ̀ dé nǹkan bí ìdá mẹ́rin, ẹ dé e, ẹ mì í dáadáa, kí ẹ dà á sínú ẹ̀rọ ìfínko tí ẹ fẹ́ fín lọ́wọ́. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Oògùn tí ẹ fowó rà kò ṣòfò, ìgò náà sì mọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi ìṣó tàbí ọ̀bẹ lu ìdí rẹ̀ ní ihò, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i gbé lọ pọn omi. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan tí ọmọdé kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì tẹ̀lé ohun tí wọ́n kọ sára ìgò nípa ibi tí yóò gbà lọ. Ẹ má ṣe dáná sun ún, nítorí èéfín rẹ̀ léwu. Ẹ má ṣe jù ú sínú odò. Omi Odò Ògùn tí ń ṣàn kọjá láàárín Abẹ́òkúta, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń lò ó nísàlẹ̀.

Ẹ má ṣe ra oògùn tí wọ́n bù láti inú ìgò ńlá sínú ìgò omi tàbí ọ̀rá. Àjọ NAFDAC fòfin de oògùn apako tí wọ́n ń pè ní paraquat láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ tí ènìyàn bá gbé mì lè pa á, kò sì sí oògùn kankan tí ó ń ṣẹ́gun rẹ̀ nínú ara. Ẹni tó bá ṣì rí ìyókù rẹ̀ nínú abà, kí ó má ṣe lò ó, kí ó má sì ṣe bù ú fún ẹlòmíràn. Kí ó lọ fi tó òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó súnmọ́ ọn létí.

Kẹ́ẹ̀gì òróró tó ń gba ẹ̀wà lọ́wọ́ kòkòrò

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á wá sí ibi tí èrè wà. Àgbẹ̀ tó bá kórè ẹ̀wà ní ìparí ọdún mọ̀ pé ìgbà ìkórè ni ẹ̀wà máa ń pọ̀ lọ́jà, tí owó rẹ̀ á sì wálẹ̀. Bí a bá lè pa á mọ́ fún oṣù mẹ́fà, owó gidi ni. Kòkòrò ni kì í jẹ́. Láti oko ni kòkòrò yìí ti ń yé ẹyin sára ẹ̀wà. Ẹyin á di ìdin, ìdin á gbẹ́ inú ẹ̀wà wọlé, láàárín nǹkan bí oṣù kan, kòkòrò tuntun á lu ihò jáde, òun náà á sì tún yé ẹyin tirẹ̀. Kí á tó ṣẹ́jú, àpò ẹ̀wà ti di lẹ́búlẹ́bú.

Ìbẹ̀rù yìí ló ń mú kí àwọn kan máa fín oògùn olóró sórí ẹ̀wà tí a ó jẹ. Ohun tí ó ti fà fún wa kò kéré. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà, nítorí pé wọ́n ń bá oògùn dichlorvos nínú rẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Wọ́n sì sún ìfòfindè náà síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lẹ́yìn ìgbà náà. Ní ọdún 2019, NAFDAC fòfin de títa oògùn yìí nínú ìgò kéékèèké ní ọjà. Bí òyìnbó bá kọ ẹ̀wà wa, ta ni yóò wá jẹ ẹ́? Àwa àti àwọn ọmọ wa ni.

Kẹ́ẹ̀gì tí a dé pa dáadáa lè ṣe iṣẹ́ yìí láìsí oògùn kankan. Kòkòrò kò lè ṣe kó má mí. Bí a bá ti kó ẹ̀wà kún inú kẹ́ẹ̀gì tí a sì dé e tí afẹ́fẹ́ kò wọlé, kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ á mí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tán. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò ní lè jẹun mọ́. Bó bá yá, á kú, ìdin inú ẹ̀wà náà kò sì ní lè dàgbà. Ọgbọ́n yìí kan náà ló wà nínú àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS, èyí tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà àti àwọn ará Kamẹrúùnù jọ ṣe ìwádìí rẹ̀. Ẹni tó bá lówó lè ra àpò náà. Ẹni tí kò bá ní, kí ó lo kẹ́ẹ̀gì òróró rẹ̀. Báyìí ni a ṣe ń ṣe é:

1. Ẹ fọ kẹ́ẹ̀gì. Ẹ kọ́kọ́ da eérú gbígbẹ tàbí eèrí àgbàdo sínú rẹ̀, kí ẹ mì í, kí ó lè fa òróró kúrò. Ẹ dà á nù. Ẹ wá fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ àti òkúta wẹ́wẹ́ díẹ̀ mì í títí ara rẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹ fi omi ṣan án, kí ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, kí ẹ sì sá a fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ̀kán omi kan kò gbọ́dọ̀ kù nínú rẹ̀.

2. Ẹ dán an wò. Ẹ dé e nígbà tó ṣófo, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá gbọ́ tí afẹ́fẹ́ ń jáde, ó ti lu tàbí kí ìdérí rẹ̀ má dára. Ẹ gé ọ̀rá tó nípọn, ẹ fi bo ẹnu rẹ̀, kí ẹ tó yí ìdérí lé e, kí ẹ tún un tẹ̀ wò. Bí ó bá ṣì ń mí, ẹ fún un níṣẹ́ mìíràn.

3. Ẹ sá ẹ̀wà gbẹ. Ẹ fi eyín gé ẹyọ kan. Bí ó bá kán pẹ̀lú ìró, ó gbẹ. Bí eyín bá wọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́, ẹ padà sá a. Fún àgbàdo, ẹ lè fi iyọ̀ dán an wò. Ẹ bu iyọ̀ gbígbẹ ṣíbí méjì tàbí mẹ́ta sínú ìgò gbígbẹ, kí ẹ da àgbàdo sí i dé ìdá mẹ́ta ìgò náà. Ẹ mì í fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ọ̀rinrin ṣì wà nínú àgbàdo. Bí kò bá lẹ̀, ẹ lè kó o pamọ́.

4. Ẹ ṣa èyí tó fọ́ àti ìdọ̀tí kúrò. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀wà tutù kúrò lára oòrùn, kí ẹ wá kó o kún kẹ́ẹ̀gì dé ọrùn. Ẹ máa mì í kí ó lè jókòó. Bí àyè bá kù lókè, afẹ́fẹ́ ni ẹ fi síbẹ̀ fún kòkòrò.

5. Ẹ dé e pa, kí ẹ gbé e sí ibòòji, kúrò nílẹ̀. Ẹ má ṣe ṣí i fún oṣù méjì ó kéré tán. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí i ni ẹ ń fún kòkòrò ní afẹ́fẹ́ tuntun.

Kẹ́ẹ̀gì oníwọ̀n lítà 25 lè gba nǹkan bíi kílò 20 ẹ̀wà. Èyí tí ẹ ó tà ni kí ẹ fi sínú rẹ̀. Èyí tí ẹ ó máa jẹ, ẹ pín in sínú ìgò omi oníke onílítà kan ààbọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba kílò kan àti díẹ̀. Ìyàwó ilé á ṣí ọ̀kan, á sè é tán, àwọn yòókù á wà ní dídé. Irúgbìn náà, ẹ yà á sọ́tọ̀ sínú ìgò tirẹ̀. Bí ó bá gbẹ dáadáa kí a tó dé e, yóò hù nígbà tí a bá gbìn ín.

Ohun tó ń mí àti ohun tí kò mí

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ni a ń dé pa o. Iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, àlùbọ́sà, ata tútù àti ọsàn ṣì ń mí lẹ́yìn tí a kórè wọn. Bí a bá dé wọn mọ́ inú ike, wọn á làágùn, wọn á sì rà. Agbọ̀n, apẹ̀rẹ̀, tàbí kẹ́ẹ̀gì tí a gé lórí tí a sì lu ara rẹ̀ ní ihò púpọ̀ ni tiwọn.

Gàrí, ẹ̀gúsí, ìrẹsì Òfàdà, àgbàdo àti láfún tí àwa Ẹ̀gbá fi ń rokà, ìwọ̀nyí ni ìdérí yẹ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí gàrí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yan tutù pátápátá kí ẹ tó dé e, kí láfún sì gbẹ kó ta kókó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èbu á bò ó.

Ìdérí yìí ń dáàbò bo ẹ̀mí náà. Ibà Lassa, tí wọ́n fi orúkọ ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno pè láti ọdún 1969 tí wọ́n ti kọ́kọ́ dá a mọ̀, ara èkúté ló ti ń wá. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ èkúté tó bá bọ́ sórí oúnjẹ ló ń gbé e dé ọ̀dọ̀ ènìyàn. Kò jìnnà sí wa, nítorí ìpínlẹ̀ Òǹdó wà lára ibi tí ó ti ń ṣọṣẹ́ jù. Gàrí tí a tẹ́ sílẹ̀ nínú àpò tí kò ní ìdérí, oúnjẹ èkúté ni kí ó tó di tiwa. Agolo àti ike onídèérí tó le ni kí ẹ kó o sí.

Ilé ìdáná àti yàrá

Ẹ̀yin ìyá wa, ilé ìdáná kò nílò kọ́bọ́ọ̀dù kí ó tó gún. Ẹ to pátákó méjì sára ògiri, kí ẹ to agolo tíì àti ìgò onídèérí sórí rẹ̀: iyọ̀, ata gbígbẹ, irú, edé, kálukú ní ipò tirẹ̀. Ẹ ti etí agolo tó mú wọlé kí ó má baà gé ọmọdé lọ́wọ́. Agolo mílíìkì kan nínú ìrẹsì, ọ̀kan nínú ẹ̀wà, kí ẹ lè mọ iye tí ẹ ń sè lójúmọ́ àti ọjọ́ tí yóò tán.

Ní ìtàjà àti ilé aládìrẹ ní Ìtòkú àti káàkiri Abẹ́òkúta, kọ́sítíìkì sódà jẹ́ ohun èlò iṣẹ́. Àwọn tó ń ṣe ọṣẹ náà ń lò ó. Nígbà tí a bá pò ó, ó dà bí omi lásán lójú. Bí ọmọ bá gbé e mì, ó ń bó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ọ̀nà náà sì lè dí títí tí ọmọ kò fi ní lè gbé oúnjẹ mì mọ́. Nítorí náà, ife, ṣíbí àti kòròbá iṣẹ́ aró kò gbọ́dọ̀ wọ ilé ìdáná láé. Ẹ fi sódà sílẹ̀ nínú ohun tí ẹ fi rà á, kí ẹ gbé e sókè, kí ẹ sì tì í.

Ẹ jẹ́ kí á tún fi àmì sára nǹkan wa. Àwọn bàbá wa ń fi àrokò bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìkọ̀wé. Àwa náà lè ṣe é. Ẹ so aṣọ pupa mọ́ ọrùn ohunkóhun tí a kì í fi kan ẹnu: kẹrosíìnì, sódà, omi bátìrì. Ẹ so òwú funfun mọ́ irúgbìn. Ẹ kọ́ ọmọ gbogbo inú ilé, títí kan àlejò, pé pupa kò ṣe é fọwọ́ kàn. Ẹni tó mọ̀wé àti ẹni tí kò mọ̀wé á jọ kà á.

Agolo bisikíìtì ńlá ní iṣẹ́ pàtàkì kan. Ìwé ilẹ̀, ìwé ẹ̀rí ọmọ, káàdì àjẹsára, ìwé ìfowópamọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ wé wọn sínú ọ̀rá, ẹ kó wọn sínú rẹ̀, kí ẹ gbé e sí ibi tí ikán kò lè gùn dé. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ilẹ̀ ló ń le nítorí pé ikán ti jẹ ìwé.

Èyí tó bá pọ̀ jù

Ìfipamọ́ kì í ṣe ìkójọ. Agolo tí ó dùbúlẹ̀ lẹ́yìnkùlé tí òjò ń rọ̀ sí, ẹ̀fọn ń yé ẹyin sínú rẹ̀. Òkìtì kẹ́ẹ̀gì jẹ́ ilé èkúté àti ejò. Èyí tí kò bá ní iṣẹ́, ẹ tà á fún àwọn tó ń ra ike àti irin àlòkù. Èyí tó kù, ẹ lu ìdí rẹ̀ kí ó má gba omi dúró. Kẹ́ẹ̀gì epo ẹ̀rọ tí a gé lẹ́gbẹ̀ẹ́ lè di ìkólẹ̀. Agolo mílíìkì tí a lu nídìí lè gbé irúgbìn ata títí yóò fi tó lọ́ sí oko.

Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀

Bí ọmọ bá mu kẹrosíìnì, sódà tàbí oògùn oko, ẹ má ṣe fún un ní epo pupa. Ẹ má ṣe ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kí ó lè bì. Mo mọ̀ pé ohun tí a bá lọ́wọ́ àwọn àgbà ni, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ń bì í, kẹrosíìnì lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ, sódà á sì tún bó ọ̀fun lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ yọ ìyókù kúrò lẹ́nu rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí ẹ mú ìgò náà dání kí dókítà lè mọ ohun tó mu. Bí ó bá ta sí ojú, ẹ máa da omi mímọ́ sí i láìdúró fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kí ẹ tó gbé e lọ.

Iṣẹ́ tó kàn ẹgbẹ́

Ẹ̀yin alága àti akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ lè jẹ́ kí ẹgbẹ́ ya dírọ́ọ̀mù kan tó ní àgádágodo sọ́tọ̀ fún ìgò oògùn oko tí wọ́n ti fọ̀ tí wọ́n sì ti lù, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta oògùn fún yín bóyá yóò gbà wọ́n padà. Ẹ lè ra kẹ́ẹ̀gì òróró pọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ̀, kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi tọ́jú ẹ̀wà tirẹ̀, kí ẹ sì jọ tà á nígbà tí ọjà bá dára. Ẹ lè sọ fún oníbàárà láìfòyà pé ẹ̀wà yín kò ní oògùn nínú.

Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, mo bẹ̀ yín, ẹ kó gbogbo ohun òfìfo inú ilé yín síta lówùúrọ̀ ọjọ́ kan. Ẹ pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin tí a sọ. Ẹ gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan dání, kí ẹ bi í pé, "Kí ló wà nínú rẹ tẹ́lẹ̀?" Bí kò bá dáhùn, ẹ má ṣe fi omi sínú rẹ̀ fún ọmọ yín.

Kí oko ó yè, kí ilé ó gún. Ó di ìgbà mìíràn o.